Ohun Tó Ń Gún Ọkàn àti Apá ní Kẹ́sẹ́

Ní ilé òògùn mi nítòsí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, òògùn méjì kì í pẹ́ tán: propranolol àti metformin. Àwọn àgbà alátọ̀gbẹ ló ń ra èkejì. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH náà máa ń wá àkọ́kọ́ bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àyà mi ń já, ẹ fún mi ní èyí tó ń mú un rọlẹ̀." N kì í tà á láìsí ìwé dókítà, mo sì máa ń béèrè bóyá oníbàárà ní ikọ́ fée.

Àìsàn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òògùn méjèèjì pàdé lọ́dọ̀ àwọn purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní kínéèsì. Kínéèsì á já fọ́sífétì lára ATP, ìyẹn agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì mìíràn. Bí ẹni gún ẹṣin ní kẹ́sẹ́ ni. Àwọn mìíràn wà tó ń yọ fọ́sífétì ọ̀hún kúrò, kí ẹṣin má baà sáré kú. Iṣan ehoro ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Edwin Krebs àti Edmond Fischer ń yẹ̀ wò ní Seattle tí wọ́n fi rí ọ̀nà lílẹ fọ́sífétì yìí ní 1955. Ẹ̀bùn Nobel wọn kò dé títí di 1992. Irú kínéèsì tó wà lára ènìyàn lé ní 500.

Bí ọ̀kadà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín ní Tákìé, adirẹnalíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, á so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì ọkàn, kínéèsì tó ń jẹ́ PKA á sì jí. PKA á mú kí kálísíọ́mù wọlé sí i, ọkàn á fún pọ̀ gidi. Ohun tó tẹ̀lé e ló wù mí jù. Ọkàn tó fún pọ̀ gbọ́dọ̀ tú kí ẹ̀jẹ̀ tó lè kún inú rẹ̀ padà. Purotéènì kékeré kan, phospholamban, ló máa ń fa ọwọ́ ohun tó ń kó kálísíọ́mù padà sí ibi ìpamọ́ sẹ́yìn. PKA á lẹ fọ́sífétì mọ́ òun náà, á jáwọ́, ọkàn á tètè tú. Propranolol, tí James Black ṣe ní England, ń jókòó síbi tí adirẹnalíìnì ìbá jókòó sí. Irú ibẹ̀ wà ní ọ̀nà èémí pẹ̀lú; ìdí tí mo fi ń béèrè ikọ́ fée nìyẹn.

Ti apá àti itan tún yàtọ̀. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lọ́nà Ìkòyí-Ilé ń ná ATP, àjẹkù rẹ̀ tó ń jẹ́ AMP á sì ta kínéèsì AMPK jí. AMPK wà lára ohun tó ń mú kí iṣan ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de insulin. Kódà, lára ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tí insulin kò ràn mọ́ dáadáa, ọ̀nà yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Metformin náà ń ta AMPK jí, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀.

Màmá kan tó ń ra metformin lọ́dọ̀ mi sọ fún mi pé ọmọ àwọn tó wà l'Ékòó ní kí àwọn má gún iyán mọ́, kí àwọn sinmi. Mo ní, "Màmá, ẹ máa gún un. Iye òkèlè tí ẹ ó jẹ ni ká jọ dúnàádúrà." Wọ́n ní èmi náà ti di ọ̀tá àwọn. Àmọ́ ẹni tó ń lo insulin tàbí òògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ glibenclamide, kó jẹun kó tó lọ sóko, kó sì fi súwíìtì sápò, torí iṣan á gba ṣúgà, òògùn á tún gbà á, òòyì á sì kọ́ ọ nínú ebè.