Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Le, Kí La Fẹ́ Wọn Èémí Rẹ̀ Sí?

Ẹni tó bá ti kun ewúrẹ́ rí mọ̀ ọ́n: ẹran pẹlẹbẹ kan tó tẹ́ bí ìdérí láàrin ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Òun ni ọ̀gá nínú àwọn ẹran tí a fi ń mí. Bó bá sún sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, ikùn á sì ru sókè; ẹ wo ọmọ tó sùn fọnfọn, ẹ ó rí i. Iṣan méjì tó ti ọrùn sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún un. (Iṣan tí mo wí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ o, èdè wa ló kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan.)

Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, tó ń sáré gun àpáta láìmí hẹlẹ, kí la fẹ́ wọn èémí rẹ̀ sí? Ẹni tí kò mọ bí ẹ̀kún òṣùwọ̀n ṣe rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ti ọmọ kan dín? Àrùn tó ń jẹ ẹran ara, tàbí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, lè sọ ẹran èémí di aláìlágbára títí ọmọ ò fi ní lè wúkọ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ ń gbà wọn agbára èémí ni ti ẹnu. Wọ́n á fi nǹkan há imú ọmọ. Á mí síta títí yóò fi tán nínú rẹ̀, á wá fi ẹnu fa páìpù tí wọ́n ti dí, tagbáratagbára. Ihò bíńtín kan wà lára páìpù náà, torí ọmọdé gbọ́n: bí kò bá sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò fi fà, àyà ò ní ṣiṣẹ́ kankan. Gíga omi ni òṣùwọ̀n: ẹni tó bá fa 100, agbára rẹ̀ tó láti fa omi gòkè nínú rọ́bà tó ga ní mítà kan.

Ti imú ló rọrùn jù. Wọ́n á ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ihò imú kan, wọ́n á ní kí ọmọ fa imú bí ẹni tó ń fa ikun. Ọmọ wo ni kò mọ èyí? Ní 1999, àwọn oníṣègùn Lausanne ní Switzerland tẹ iye tí àwọn ọmọ ọdún 6 sí 17 ń fà jáde. Ó súnmọ́ 100. Ọmọ aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fi ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ Ògìdì.

Ti iṣan kò gba kí ọmọ ṣe ohunkóhun. Wọ́n á gbé òòfà oníná sí ọrùn rẹ̀, á dún tá, ikùn ọmọ á fò lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí òsúkè mú. Ẹ̀rọ á ka iye àkókò tí iṣẹ́ náà fi rìn láti ọrùn dé àyà. Àkókò náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá.