Ológbò Tó Ń Mu Omi Lámujù

Bí ológbò yín tó ti dàgbà bá ń mu omi lámujù, tó ń tọ̀ ṣáá, tó ń rù, tí oúnjẹ kò sì wù ú mọ́, ẹ má ṣe sọ pé ogbó lásán ni. Ó lè jẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Àìsàn yìí kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú a máa mú ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ẹ má ṣe fi omi dù ú nítorí pé ó ń tọ̀ sílé. Omi náà ló gbé e ró. Ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nàjísì lóòótọ́: ẹ fi omi fọ ibẹ̀, kí ẹ sì gbé abọ́ yanrìn sí kọ̀rọ̀ fún un. Oúnjẹ tó lómi nínú, tí iyọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, ló dára fún un. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀ láéláé; májèlé ni fún ológbò.

Ẹ rántí obìnrin tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) sọ ìtàn rẹ̀, tó ti ológbò mọ́lé láìbọ́ ọ títí ó fi kú. Iná ni ó bá a lọ. Ológbò tó bá wa lé eku láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ àìsàn. Ọlọ́hun yóò ṣàánú wa. Àmín.