“Came” Tí Kì Í Ṣe Ti Àná



Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gá màmá mi níbi iṣẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé, “I’d rather you came on Sunday.” Màmá mi ní, “Came kẹ̀? Èmi ò ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè tó kọjá o.” Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tó ti kọjá ni. Wọ́n lọ ní Sátidé bí wọ́n ṣe máa ń lọ, wọ́n bá ẹlòmíì lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n bá ní kí wọ́n padà sílé. Owó ọjọ́ kan lọ báyẹn. Èmi wà nílé nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn wọlé, wọn ò bi mí. Mo mọ ìdí rẹ̀: mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì wọn rẹ́rìn-ín.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì la fẹ́ kó ṣe nǹkan, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé “I’d rather you” máa ń wọ aṣọ àná, àmọ́ ọjọ́ iwájú ló ń sọ. Ohun tí ọ̀gá yẹn ń sọ ni pé, “Ó tẹ́ mi lọ́rùn kẹ́ ẹ wá ní Sọ́ńdè.” Tó bá jẹ́ ara wa là ń sọ, kò le rárá: “I’d rather walk than take the bus.”

Èyí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín jù ni “I prefer rice than yam.” “To” ló ń bá “prefer” rìn, kì í ṣe “than”. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí ibi tó ti ṣẹ̀. Nínú Yorùbá, “ju… lọ” nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: mo fẹ́ràn ìrẹsì ju iṣu lọ, Táíwò ga ju Kẹ́hìndé lọ. “Ga” ò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ní “taller”, ó ní “more beautiful”, ó tún ní “better”. Ẹni tó bá sọ “more better” ti fi méjì ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan.

Èmi náà jẹ tèmi ní kíláàsì wa níbí. Mo ní, “Màá rìn kàkà bọ́ọ̀sì.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní “kàkà” ń fẹ́ “kí” lẹ́yìn, ohun tí a kò fẹ́ la sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: “Kàkà kí n wọ bọ́ọ̀sì, màá kúkú fẹsẹ̀ rìn.”

Mo sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lánàá, wọ́n gbé fóònù wọn wá bá mi: “Bá mi wo èyí ná, kí n tó dá wọn lóhùn.”