Páàdì, máòsì tàbí kíbọ́ọ̀dù: èwo ló yẹ kí ọmọ géèmù fi owó rà?

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn ọmọ géèmù tí kì í tán bọ̀rọ̀. Àwọn tó fi PlayStation dàgbà á ní páàdì lọba. Àwọn tó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà á ní ẹni tí kò bá tíì fi máòsì yìnbọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Onítọ̀hún ò gbà, tibí náà ò gbà.

Ọ̀rọ̀ náà lè pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó wà nínú ẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó fi oṣù mélòó kan tọ́jú owó, àbí ìyá tó fẹ́ ra ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa rà. Tó bá wá jẹ́ èyí tí kò bá géèmù náà mu ló gbé wálé, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ò ní gba ọjà tí wọ́n ti tú páálí rẹ̀ padà. Owó wọgbó nìyẹn.

Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tó dáa ju èkejì lọ nínú gbogbo géèmù. Géèmù tí èèyàn ń ta jù ló máa yan irinṣẹ́ fún un. Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í fi ayùn kan ìṣó.

Kí ni páàdì mọ̀ ọ́n ṣe jù?

Ẹ wo orí páàdì dáadáa, ẹ máa rí ọ̀pá kékeré méjì tí àwọn ọmọ géèmù ń pè ní ànálọ́ọ̀gì. Lórí páàdì Famicom tí Nintendo gbé jáde ní 1983, bọ́tìnnì kan tó rí bí àgbélébùú ni wọ́n fi ń darí eré. Nígbà tó di 1997, Sony gbé DualShock jáde pẹ̀lú ọ̀pá méjì, ìrísí yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ páàdì òde òní ṣì ń tẹ̀lé.

Àǹfààní ọ̀pá yìí ni pé ó ń yí sí ibikíbi, ó sì mọ̀ bóyá ńṣe ni ọwọ́ rọra tì í tàbí ó tì í dé òpin. Kíbọ́ọ̀dù lásán ò mọ díẹ̀díẹ̀. Yálà bọ́tìnnì wọlé tàbí kò wọlé. Bí èèyàn bá ń fi bọ́tìnnì mẹ́rin darí agbábọ́ọ̀lù, ọ̀nà mẹ́jọ péré ni agbábọ́ọ̀lù náà lè gbà sáré: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, àti igun mẹ́rin tó wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù gbá EA Sports FC tàbí eFootball fi máa ń rí i pé agbábọ́ọ̀lù òun ń yí gan-an-ran, tí alátakò tó mú páàdì sì ń gé e bó ṣe wù ú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù ọkọ̀. Bọ́tìnnì R2 tó wà lẹ́yìn páàdì ṣeé tẹ̀ díẹ̀, ó ṣeé tẹ̀ dé ìdajì, bí awakọ̀ ṣe ń rọra tẹná. Lórí kíbọ́ọ̀dù, àtẹ̀parí ni. Ní kọ́nà, ọkọ̀ á kàn yọ̀ lọ ni.

Nínú géèmù ìjà bíi Tekken àti Street Fighter, páàdì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn kan tún ń lo pátákó ńlá tó ní ọ̀pá àti bọ́tìnnì, irú èyí tó wà lára àwọn ẹ̀rọ géèmù ayé àtijọ́. Máòsì ò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ rárá.

Níbo ni máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ti ń borí?

Wọn ò ṣe máòsì nítorí géèmù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Douglas Engelbart, ará Amẹ́ríkà, fi ń ṣe nígbà tó fi han àwọn èèyàn ní San Francisco ní oṣù Kejìlá ọdún 1968. Géèmù ìbọn ti àwọn ọdún 1990 ló sọ ọ́ di ohun ìjà. Dennis Fong, tí àwọn ọmọ géèmù mọ̀ sí Thresh, wà lára àwọn tó jẹ́ kí fífi ọwọ́ kan di máòsì mú, kí ọwọ́ kejì wà lórí W, A, S àti D, gbajúmọ̀. Ní 1997, ó gbégbá orókè nínú ìdíje Quake kan ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ọkọ̀ Ferrari tí John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe géèmù náà, fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí.

Kí ló wá fà á tí máòsì fi ń yá ju páàdì lọ nínú ìbọn? Tí èèyàn bá ti ọ̀pá páàdì sápá ọ̀tún, ohun tó ń sọ fún géèmù ni pé "máa yí lọ." Ó gbọ́dọ̀ dúró kí ojú ìbọn yí dé ibi tó fẹ́, kó sì tún dá a dúró lásìkò. Ní ti máòsì, ibi tí ọwọ́ bá gbé e dé lojú ìbọn dé. Àtàńpàkò nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pá, nígbà tí ìka, ọrùn ọwọ́ àti apá jọ ń ti máòsì.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta Counter-Strike 2 tàbí Valorant lórí kọ̀ǹpútà, máòsì àti kíbọ́ọ̀dù lọ̀rọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni Dota 2 àti League of Legends, níbi tí èèyàn ti ń tẹ ibi púpọ̀ lójú ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Tí páàdì bá pàdé máòsì ńkọ́?

Àwọn géèmù kan wà tó jẹ́ kí onípáàdì àti onímáòsì jọ wà nínú ìjà kan náà. Fortnite, Apex Legends àti Call of Duty: Warzone wà lára wọn. Kí ìjà náà má bàa jẹ́ ti apá kan, géèmù máa ń ran onípáàdì lọ́wọ́: tí ojú ìbọn rẹ̀ bá ti sún mọ́ ọ̀tá, géèmù á jẹ́ kó rọra, kó má bàa fò kọjá. Onímáòsì ò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ẹnu ti ń wáyé. Onímáòsì á ní ẹ̀rọ ló ń bá onípáàdì yìnbọn. Onípáàdì á ní báwo ni àtàńpàkò kan ṣe fẹ́ bá odindi apá díje? Àwọn tó ni Valorant ò tiẹ̀ dá sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sórí PlayStation 5 àti Xbox ní 2024, wọn ò jẹ́ kí àwọn tibẹ̀ bá àwọn orí kọ̀ǹpútà pàdé.

Ẹni tó bá ń gbèrò láti lọ síbi ìdíje ní ẹ̀kọ́ kan kọ́ níbẹ̀. Kó tó ra ohunkóhun, kó kọ́kọ́ béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò, irinṣẹ́ tí òfin gbà, àti bóyá olúkúlùkù ló máa gbé tirẹ̀ wá. Ohun tó máa fi díje ni kó máa fi ṣe ìdánrawò nílé. Ọwọ́ tó ti mọ́ páàdì láti ọdún pípẹ́ ò lè mọ́ máòsì láàárín ọjọ́ méjì.

Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó san owó

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó wà nílé. Páàdì PS4 ò ṣiṣẹ́ fún géèmù PS5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wọlé sára ẹ̀rọ náà. Fortnite àti Call of Duty gba máòsì àti kíbọ́ọ̀dù lórí PlayStation, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ géèmù mìíràn níbẹ̀ ò gbà á. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, páàdì tó ń ṣe bíi ti Xbox ni ọ̀pọ̀ géèmù tètè máa ń dá mọ̀.

Tó bá jẹ́ páàdì àlòkù, ẹ dán ọ̀pá rẹ̀ wò. Ó máa ń jẹ bó bá ti pẹ́, agbábọ́ọ̀lù á wá máa rìn láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ joy.cpl síbi tó bá yọ, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ yan páàdì náà, ẹ tẹ Properties. Àmì kékeré kan á hàn nínú àpótí kan. Tí ọwọ́ bá ti kúrò lórí ọ̀pá, àárín ló yẹ kí àmì yẹn padà sí. Tó bá ń dá rìn, ẹ fi páàdì náà sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú náà ní àrùn tirẹ̀: bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ó lè má gbọ́ òmíràn. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti lè kọ̀wé, ẹ di Shift àti W mú, kí ẹ tún tẹ D, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bọ́tìnnì àlàfo. Tí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò jáde, irú rẹ̀ ló máa fọwọ́ yín sílẹ̀ láàárín ìjà. Ní ti máòsì, kí ẹ má rò pé ibi tí a ń fi ìka fà lára láptọ́ọ̀pù lè dípò rẹ̀ nínú géèmù ìbọn.

Páàdì oníwáyà ò nílò ṣáàjì. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́

Irinṣẹ́ tó dáa gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ ẹni mu pẹ̀lú. Tí ọrùn ọwọ́ bá ń dunni, tàbí tí ìka ń kú, kí èèyàn sinmi. Tí kò bá lọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, Microsoft gbé Xbox Adaptive Controller jáde ní 2018, Sony sì gbé tirẹ̀ tó ń jẹ́ Access jáde ní 2023, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè di páàdì lásán mú náà lè bá ẹgbẹ́ ta géèmù.

Ní kúkúrú, ẹni tí bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ tàbí ìjà bá jẹ géèmù rẹ̀, kó ra páàdì. Ẹni tó bá ń yìnbọn lórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń ta Dota 2, kó fi owó rẹ̀ ra máòsì tó dáa àti kíbọ́ọ̀dù tó ń gbọ́ràn. Òbí tí kò mọ èwo ni ọmọ òun ń ta, kó bi í léèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn kì í ná èèyàn ní kọ́bọ̀.