Omi Tó Ń Hó Láì Gbóná

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa retí pé ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá yóò kọ̀wé lórí ewì tàbí lórí àṣà ìgbéyàwó nínú ìwé ọdọọdún wa yìí. Ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo gbé dé lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń san owó ilé-ìwé mi, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Bàrígà ni ìyá mi ti ń lọ ata. Ní ìdájí ni yóò ti máa lọ ẹ̀wà fún àwọn alákàrà, lẹ́yìn náà ata àti tòmátò títí di ìrọ̀lẹ́. Iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan ló ń yí ẹ̀rọ ìlọta náà. Irú ẹ́ńjìnnì yìí pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, katakata kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí àgbẹ̀ máa ń rìn tẹ̀lé lẹ́yìn ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rí i pé ohun tó lè túlẹ̀ lè lọ ata, ó sì lè ti ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú. S195 ni wọ́n ń pè é. 1 tó wà níbẹ̀ ń sọ pé sílíńdà kan ṣoṣo ló ní. 95 ń sọ pé ihò sílíńdà náà fẹ̀ tó mìlímítà 95. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 12 bí ó bá ń yí ní ìgbà 2000 ní ìṣẹ́jú kan. Táǹkì omi kan wà lórí rẹ̀ gbalasa, omi yìí ló ń tù ú lára. Bí omi náà bá ti ń hó tó sì ń gbẹ, à ń bù sí i.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló béèrè fún ìwé-àṣẹ lórí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní 1892, ní 1897 ló sì tó rí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò sí ohun tó ń ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ lásán ni písítìnnì máa ń fún pọ̀ nínú sílíńdà, títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ogún. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á gbóná kọjá 500 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, bí nọ́sùlù bá sì ti fín epo sínú rẹ̀, epo á gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìyípo méjì, nítorí náà nínú ìṣẹ́jú kan iná á bú níbẹ̀ ní ìgbà 1000. Nígbàkúùgbà tó bá bú, agbára tó ju tọ́ọ̀nù 3 lọ ló ń ti ìdérí sílíńdà pé kó ṣí kúrò níbẹ̀. (Tọ́ọ̀pù ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ìdérí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló wà lára ẹ́ńjìnnì tiwa, nítorí ńṣe ni sílíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀.) Ohun tó wà láàárín ìdérí àti ara ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí ooru náà rí ọ̀nà sá jáde ni gásíkẹ́ẹ̀tì, tí kò ju pẹlẹbẹ bíi páálí lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò béèrè ìdí tí n kò fi wá orúkọ Yorùbá fún nǹkan wọ̀nyí. Mo gbìyànjú. Mo pe písítìnnì ní ọmọ-odó níwájú ọ̀gá mẹkáníìkì kan, ó sì bi mí bóyá iyán ni mo fẹ́ gún.

Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńjìnnì yìí dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Lákọ̀ọ́kọ́, èéfín funfun ń ti ẹnu sàléńsà jáde, agbára rẹ̀ sì dín kù. Mẹkáníìkì tí a pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò. Mẹkáníìkì kejì ní ìkíní kò mọṣẹ́, pé sílíìfù, písítìnnì àti ríìngì ló ti jẹ. Sílíìfù ni agolo irin tí písítìnnì ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀. A lọ ra gbogbo rẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Muṣin. Kò pé oṣù méjì tí èéfín náà padà dé. Ìgbà kẹta ló wá burú jù: ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kù. Nígbà tí a tú ọ́ìlì rẹ̀ dà sílẹ̀, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ògì. Omi ti wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì olómi kò sì lè gba béárìn là lọ́wọ́ irin. Owó tí ìyá mi kó sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ mi ti wọlé sí iṣẹ́ kìíní àti ìkejì. Ohun tó kù kò ju àjọ tó ń dá lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó tirẹ̀ fún un ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá mi ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní omi inú táǹkì ń hó kó tó gbóná. Mẹkáníìkì kìíní rẹ́rìn-ín. Ìkejì ní, “Màmá, ẹ́ńjìnnì ni, omi rẹ̀ kò lè ṣe kó má hó.” Kí n má parọ́, èmi náà wà lára àwọn tó ní kó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Ṣómólú ló gbọ́ ọ yé. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti ọ̀dọ̀ wa dé Ṣómólú, ẹ̀yin tí ẹ sì ti tẹ ìwé àpilẹ̀kọ tàbí ìwé ìpè ìgbéyàwó rí mọ ibẹ̀: ilé ìtẹ̀wé ló kún òpópónà ibẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ata. Atẹ̀wé ni bàbá yìí. Mo lọ yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì ní kí n kọ́kọ́ ròyìn. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ìyá mi, ó dá mi dúró.

“Ó ń hó láì gbóná? Kì í ṣe pé omi ń hó nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ jáde. Níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú omi?”

Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó máa ń gba yíǹkì kó tó gbé e lé bébà lórí. Bí rọ́bà náà bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní hàn, bó ti wù kí yíǹkì pọ̀ tó. Bébà pẹlẹbẹ ni àwọn atẹ̀wé máa ń kì sábẹ́ rẹ̀ láti gbé e dé ibi tó yẹ. Ó ní ẹni tó bá ń pààrọ̀ rọ́bà lójoojúmọ́ tí kò wo ohun tí rọ́bà jókòó lé, owó ló ń ṣòfò.

Ní ọjọ́ kejì ó mú rúlà irin rẹ̀ àti bébà mélòó kan wá sí Bàrígà, bébà lásán tí a fi ń tẹ̀wé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Mẹkáníìkì kẹta, àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́ kan, ti ṣí tọ́ọ̀pù kúrò. Ó yẹ kí etí sílíìfù yọ sókè díẹ̀ ju ojú irin tó yí i ká lọ, kí gásíkẹ́ẹ̀tì lè dì í mú gírígírí. Wọ́n gbé rúlà dábùú rẹ̀. Ní apá kan, rúlà kan sílíìfù. Ní apá kejì, bébà wọ abẹ́ rúlà fàlàlà. Sílíìfù ti rì ní apá ibẹ̀! Mẹkáníìkì náà wo bàbá atẹ̀wé, ó wo ìyá mi, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ omi yẹn sọ.”

Nígbà tí a yọ sílíìfù, àṣírí tú. Èjìká kan wà lára rẹ̀ tó máa ń jókòó lé ètè kan nínú ara ẹ́ńjìnnì. Ìpẹtà ti jẹ ètè náà ní apá kan, ìdọ̀tí omi sì ti dì mọ́ ọn. Orí ìpẹtà yẹn ni wọ́n gbé sílíìfù tuntun lé nígbà kejì. Nítorí náà gásíkẹ́ẹ̀tì kò rí nǹkan dì mú níbẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ooru iná á fẹ́ wọ inú omi, á máa yọ fòòfòò bí ẹni pé ó ń hó, bí a bá pa á, omi á yọ́ wọ inú sílíńdà, á gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Àìsàn kan náà ló fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A gbé ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ilé léètì, wọ́n gé ètè náà títí ó fi tẹ́jú. Nítorí ohun tí wọ́n gé kúrò, wọ́n fi òrùka bàbà pẹlẹbẹ sábẹ́ èjìká sílíìfù láti gbé e sókè. Wọ́n lọ kíráńkì tó ti lápàá, a sì ra béárìn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ tuntun mu. Rọ́bà tuntun méjì wọ ìsàlẹ̀ sílíìfù kí omi má baà gba ibẹ̀. Ọṣẹ ni ọ̀gá fi pa wọ́n kí wọ́n lè yọ̀ wọlé, ó ní gíríìsì a máa ba irú rọ́bà mìíràn jẹ́. Nígbà tí a ó dé tọ́ọ̀pù, kò fún nọ́ọ̀tì kan le tán kó tó kan òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún wọn, lọ́túnùn-ún àti lósì ní ìdojúkọ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí onílù kì í ṣe fa apá kan awọ tán kó tó fa ìkejì.

Ìdájí ni a ta á jí. Ìyá mi kò wo sàléńsà, kò wo ẹnì kankan nínú wa. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì omi. Omi náà pa rọ́rọ́. Jíjìnnìjìnnì ara ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń mì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ooru tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú lójú rẹ̀, ó tún pẹ́ kó tó hó. Ìyá mi ti ìka bọ̀ ọ́, ó yára fà á yọ.

“Ó gbóná,” ó wí, ó sì pa tọ́ọ̀ṣì. Alákàrà àkọ́kọ́ ti gbé báàfù ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀.