Iná Oṣù Ọ̀pẹ àti Iná Oṣù Ẹrẹ́nà: Bí A Ṣe Ń Fi Iná Dènà Iná Nínú Igbó Ọba

Láàárín oṣù Ọ̀pẹ, ìyẹn oṣù kejìlá, sí oṣù Èrèlè tó jẹ́ oṣù kejì, ẹni tó bá dúró ní Ìta Tinúbú láàárọ̀ yóò rí i pé ojú ọ̀run rí bàìbàì, pé òkè àwọn ilé gogoro Marínà kò hàn dáadáa. Ọyẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ọyẹ́ náà sì ni, nítorí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ èéfín iná pápá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí pápá kì í jó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Òkè-Ògùn títí dé Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú igbó ti ń wádìí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìgbà tó yẹ kó jó, àti ẹni tó yẹ kó dáná sí i.

Olókèméjì, igbó ọba tó wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ni ìdáhùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ ti wá. Èkó gan-an ni ìtàn igbó náà sì ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1897, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi Èkó ṣe ibùjókòó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó igi àti igbó. Nígbà tó di 1899, wọ́n ti pààlà Olókèméjì, ó sì wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ wa ní. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ìddó bọ̀ gba Abẹ́òkúta, ó wá gba Olókèméjì kọjá sí Ìbàdàn. Nígbà tí òfin igbó dé ní 1901, lábẹ́ Gómìnà William MacGregor, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó takò ó gidigidi, wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi igbó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ìfura yẹn kò tíì tán títí dòní. Ará abúlé tó bá gbà pé igbó ti di ti ìjọba kì í sáré lọ pa iná tó bá ń jó o.

Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó ṣán ilẹ̀ mẹ́ta tó fẹ̀gbẹ́ kanra wọn ní Olókèméjì. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní oṣù Ẹrẹ́nà, oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ fánfán. Wọ́n ń sun èkejì ní oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, onímọ̀ igbó méjì, J. R. Charter àti R. W. J. Keay, lọ wo ohun tó hù níbẹ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1960. Ilẹ̀ tí iná kò dé ti ń di igbó, igi ti borí koríko. Èyí tí wọ́n ń sun ní oṣù Ẹrẹ́nà di pápá, igi rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí iná ń pa ọmọ igi kó tó ga. Èyí tí wọ́n ń sun ní oṣù Ọ̀pẹ wà láàárín méjèèjì: koríko wà, igi sì ń dàgbà. Aubréville, onímọ̀ igbó ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí kan náà láàárín ọdún 1930 sí 1940 ní Kokondékro, lẹ́bàá Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ohun tó tibẹ̀ jáde kò yàtọ̀.

Ní oṣù Ọ̀pẹ, ìdí eruwà ṣì tutù, ìrì ń sẹ̀ lóru, iná kì í sì í ga. Á jó níhìn-ín, á fo ọ̀hún, á kú fúnra rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti ní omi díẹ̀. Tó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, eruwà tó ga ju ènìyàn lọ ti gbẹ látòkè délẹ̀. Iná rẹ̀ ń gun orí igi, àsìkò náà gan-an sì ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn ń rú ewé tuntun, tí iná á tún gbà á lára wọn. Ìdí tí a fi ń sun ún ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn rèé: ilẹ̀ tó ti jó ní oṣù Ọ̀pẹ kò ní oúnjẹ fún iná oṣù Ẹrẹ́nà.

Iṣẹ́ tó ní ètò ni sísun igbó báyìí. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, àwọn tó ń tọ́jú igbó á ti pín in sí abala-abala, wọn á fi àdá àti ọkọ́ gba ilà yí abala kọ̀ọ̀kan ká títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn. Níbi tí odò, àpáta tàbí títì bá wà, ìyẹn ti gba ipò ilà. Wọn á ránṣẹ́ sí àwọn baálẹ̀, olórí ọdẹ àti àwọn Fúlàní tó ń da màlúù, kí ẹnikẹ́ni má baà wà nínú igbó lọ́jọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà ń dáná, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ tí atẹ́gùn kò sì le. Ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ tan án, kí iná lè máa jẹun padà lòdì sí atẹ́gùn. Iná tó bá bá atẹ́gùn lọ lè sáré ju ènìyàn lọ; èyí tó kọjú sí atẹ́gùn a máa rìn bí ìgbín. Nígbà tí ibi tó jó bá ti fẹ̀ tó, wọn á tan ìhà kejì, iná méjèèjì á pàdé, wọn á sì kú síbẹ̀. Àwọn tó di ẹ̀ka tútù àti omi mú á dúró lórí ilà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbọ́dọ̀ padà lọ wo gbogbo kùkùté tó bá ń rú èéfín, nítorí iná tó fara pa mọ́ sínú igi gbígbẹ lè jí nígbà tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé. Wọn kì í sì í sun gbogbo igbó lọ́dún kan náà, kí ẹranko lè ríbi sá sí.

Ní Pendjari, igbó ẹranko ńlá tó wà ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àríwá Ọsirélíà ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1910, iná ńlá jó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta éékà, èyí tó pọ̀ jù ní Idaho àti Montana, ìjọba sì pinnu pé iná kankan kò gbọ́dọ̀ jó mọ́. Ní 1935, wọ́n pa á láṣẹ pé iná tí wọ́n bá rí lónìí gbọ́dọ̀ ti kú kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la tó lù. Ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ wá kóra jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn iná tó sì tẹ̀lé e le ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tó yá, èrò yí padà: ìpínlẹ̀ Florida ṣe òfin ní 1990 tó dáàbò bo ẹni tó bá ń sun igbó ní ìlànà.

Àṣìṣe nínú irú iná tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, iná tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fọwọ́ ara wọn dá ní Bandelier, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ní Los Alamos. Ní 2022, irú iná bẹ́ẹ̀ tún jó ju 300,000 éékà lọ ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Ọ̀dàn ni gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí wà fún. Igbó kìjikìji bíi Omo, Olúwa àti Sàṣà kò gbọ́dọ̀ rí iná rárá. Igi òrí àti igi irú tó wà lọ́dàn ní èèpo tó nípọn. Ọ̀pọ̀ igi igbó kìjikìji kò ní in. Bí iná bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, koríko àti ewé Akíntọ́lá á gba ilẹ̀, àwọn náà á sì di oúnjẹ fún iná ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Nígbà ọ̀dá ọdún 1983, iná wọ oko kòkó ní Gánà, ó sì ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́.

Lójú tèmi, kíkéde pé "ẹ má sun ìgbẹ́" kò tó. Ọdẹ tó ń wá ọ̀yà yóò sun ún, darandaran tó ń wá koríko tútù yóò sun ún, òru ni wọ́n sì máa ṣe é, ní àsìkò tó burú jù, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ni igbó ọba pe àwọn ọdẹ àti darandaran yìí jókòó, kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n sì jọ sun ọ̀dàn náà ní oṣù Ọ̀pẹ. Wọ́n mọ ilẹ̀ náà ju ẹnikẹ́ni tó wà ní ọ́fíìsì lọ.

Ẹ̀yin ará Èkó tẹ́ ẹ ní oko sí Ìbàràpá, Ìmẹ̀kọ tàbí Òkè-Ògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti gba ilà yí oko yín ká kí oṣù Bélú, oṣù kọkànlá, tó parí. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ pààlà kí ẹ tó dáná. Tó bá ti kọjá oṣù Ṣẹ́rẹ́, oṣù kìíní, ẹ má ṣe ṣáná sí koríko mọ́. Bí iná bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pe 112.