Jàǹbá Kọ́, Ohun Tó Ṣeé Dènà Ni: Ìwádìí Lórí Ìfarapa Nínú Eré Ìdárayá

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́, tó ti di olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí, ló bi mí léèrè lóṣù tó kọjá pé: "Prof, kí ni à ń pe concussion ní Yorùbá, sà?" Ó fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí, ọ̀rọ̀ kò sì tó o sọ. Ìbéèrè kúkúrú ni, àmọ́ ó gbé mi rin ọ̀nà jíjìn. Mo lọ ka ohun tí àwọn olùwádìí ti ṣe lórí ìfarapa nínú eré ìdárayá, mo sì bá ọmọ Yorùbá kan pàdé nínú wọn, tí ó ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó níbí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yé mi.

Èdè wa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Bí ọmọ bá ṣubú lórí pápá, Yorùbá mọ ìfarapa kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹsẹ̀ tó rọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ tó yẹ̀. Èyí tó yẹ̀ kì í ṣe èyí tó kán. Iṣan ń fà, awọ ń bó, orúnkún ń wú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ló ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ohun tó fà á. Ẹsẹ̀ rọ́, ó parí. Bí wọ́n bá wá ní ká sọ ohun tó fà á, ohun tó máa ń sáré wá sí wa lẹ́nu ni pé jàǹbá ni, pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. A ó kí ẹni tó fara pa, a ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré á sì tẹ̀síwájú.

Ìkíni tó dára ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ olùwádìí ò lè dúró síbẹ̀. Tirẹ̀ ni láti béèrè pé: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, mélòó ló fara pa? Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà? Bí a bá yí nǹkan kan ṣoṣo padà, ṣé iye yẹn á dín kù? Bó bá dín kù, a jẹ́ pé jàǹbá kọ́ nìyẹn. Ohun tó ṣeé dènà ni.

Ọmọ Yorùbá tí mo ń wí ni Oluwatoyosi Owoeye, onímọ̀ físíótẹ́rápì. Kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè yé wa, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+. Ètò ìmú-ara-gbóná ni, èyí tí àwọn oníṣègùn tó ń bá FIFA ṣiṣẹ́ gbé kalẹ̀ ní 2006 pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Oslo ní Norway àti Santa Monica ní Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ìdárayá 15 ló wà nínú rẹ̀, ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí. Èkíní ni eré sísá jẹ́jẹ́. Èkejì ni èyí tó ń fún ara lágbára, tó sì ń kọ́ ọ láti dúró láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta ni eré sísá tó yá díẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà lójijì bíi ti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó ńlá.

Ìsọ̀rí kejì yẹn ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ mú èyí tó jẹ́ ti iṣan ẹ̀yìn itan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á kúnlẹ̀, ẹnì kejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mọ́lẹ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ á wá máa fi ara lélẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, láìtẹ ìdí, títí kò fi ní lè mú un dúró mọ́, á sì fi ọwọ́ gba ara rẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn itan kan náà yìí ló máa ń fà nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ń sáré tete. Tàbí ẹ mú ti fífò: wọ́n ń kọ́ ọmọ pé bó bá fò tó sì balẹ̀, kí orúnkún rẹ̀ má ṣe wọ inú bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń fi orúnkún kọra wọn, kí ìbàdí, orúnkún àti ẹsẹ̀ wà lórí ìlà kan. Orúnkún tó bá wọ inú lójijì ni okùn inú rẹ̀ máa ń já. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn, àmọ́ ó lè gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ, tàbí kó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Wọ́n ti dán ètò yìí wò ní Norway lára àwọn ọmọbìnrin 1,892 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 17. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008: ìfarapa tó le gan-an dín kù súnmọ́ ìdajì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Èkó á béèrè pé ṣé bí Norway ṣe rí náà ni ti wa rí? Pápá wọn yàtọ̀ sí tiwa, ojú ọjọ́ wọn yàtọ̀, olùrànlọ́wọ́ tó wà létí pápá wọn náà yàtọ̀. Ìbéèrè yìí ni Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Akinbo, Tella àti Olawale, lọ wá ìdáhùn sí.

Wọ́n mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 nínú ìdíje Lagos Junior League, àwọn ọmọkùnrin 416 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14 sí 19. Wọ́n fi ìbò pín àwọn ẹgbẹ́ náà sí ọ̀nà méjì. (Ìbò ti àtijọ́ ni mo ń wí o, èyí tí à ń ṣẹ́ láti mọ ibi tí nǹkan bọ́ sí, kì í ṣe ti òṣèlú.) Ìdí tí wọ́n fi dìbò ni kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé àwọn tó lágbára ni wọ́n kó sí apá kan. Apá kìíní ń fi FIFA 11+ mú ara gbóná. Apá kejì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Odindi sáà ìdíje kan, oṣù mẹ́fà, ni wọ́n fi ṣọ́ wọn, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ṣàyẹ̀wò ẹni tó fara pa.

Èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Nínú àwọn 212 tó lo ètò náà, 36 ló fara pa. Nínú àwọn 204 tí kò lò ó, 68 ni. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ délẹ̀, ìfarapa lápapọ̀ fi 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ sì fi 48 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹ rò ó wò. Èkó kan náà, ìdíje kan náà, sáà kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ò ju 20 ìṣẹ́jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Owoeye lọ bá Carolyn Emery ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, wọ́n sì rí i pé irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀lù aláwọ̀n àwọn ọ̀dọ́ dín ìfarapa orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ kù ní 36 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹsẹ̀ la ti ń sọ látàárọ̀. Orí wá ńkọ́?

Ìmú-ara-gbóná nìkan ò tó láti dáàbò bo orí lọ́wọ́ ìgbá. Ọpọlọ wà nínú agbárí bí ẹyin ṣe wà nínú èèpo rẹ̀. Ẹ mi ẹyin jìgìjìgì, èèpo ò ní fọ́, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò ní bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí akoto fi ń gba agbárí lọ́wọ́ fífọ́, tí kò sì lè ní kí ọpọlọ má mì. Púpọ̀ nínú yín ti wo fíìmù tí Will Smith ṣe ní 2015 nípa Bennet Omalu, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ṣàyẹ̀wò ọpọlọ Mike Webster, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní Pittsburgh ní 2002. Ohun tí Omalu rí ni òpin ọ̀nà, ibi tí orí tí wọ́n ń gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń já sí. Iṣẹ́ Emery wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà.

Ní Kánádà, họ́kì orí yìnyín ni eré ìbílẹ̀ wọn. Ní sáà 2007 sí 2008, ìpínlẹ̀ Alberta ń gba àwọn ọmọ ọdún 11 àti 12 láàyè láti máa fi ara kọlu ara wọn nínú eré náà. Quebec kò gbà á. Emery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhà méjèèjì ni. Iye ọmọ tí wọ́n ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wákàtí tí wọ́n fi ṣeré fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní Alberta, ìfarapa 241, concussion 78 nínú rẹ̀. Ní Quebec, 91, concussion 23 nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010. Ní 2013, Hockey Canada fòfin de fífi ara kọlu ẹlòmíràn fún àwọn ọmọ ọjọ́ orí náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Bí a ti ń fi ìdárayá dáàbò bo ẹsẹ̀ nìyẹn, òfin la fi ń dáàbò bo orí.

Òfin nìkan ò tó ṣá. Ẹni tó wà létí pápá gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n bó bá ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ó rántí àṣekágbá ife àgbáyé 2014 láàárín Jámánì àti Argentina. Èjìká ẹnìkan gbá Christoph Kramer ti Jámánì lórí. Ó dìde, ó tún ń sáré kiri fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́rìnlá. Nígbà tó yá, ó lọ bi rẹfirí léèrè bóyá àṣekágbá ni wọ́n ń gbá. Ojú gbogbo ayé ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí dókítà pọ̀ sí, kí ni ká wá sọ ti pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa?

Níbí ni ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ní ìtumọ̀. Bí ọmọ bá fi orí gbá orí, ohun tí a máa ń béèrè ni, "Ṣé ó dákú?" Bí kò bá dákú, a gbà pé kò sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní concussion ni kì í dákú rárá. Bí a bá sì lọ sọ fún ìyá pé nǹkan ṣe ọpọlọ ọmọ rẹ̀, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọpọlọ ọmọ òun dàrú, pé ọmọ òun fẹ́ ya wèrè. Kò sí ìyá tó máa fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ létí aládùúgbò. Á fi aṣọ bò ó, ọmọ á sì padà sórí pápá lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ráńṣẹ́ sí i ni *ìmìtìtì ọpọlọ*. A ti ní ìmìtìtì ilẹ̀, gbogbo ayé ló yé. Ilẹ̀ mì, kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ti parẹ́. Ó ní ká rọra, ká má tíì padà wọlé títí a ó fi yẹ ilé wò. Ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì bú ọmọ.

Àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí: orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, èébì ń gbé e, ó ń rí nǹkan bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo ń ni ín lára, ó ń béèrè ohun kan náà léraléra, kò rántí ẹni tó gbá góòlù wọlé, tàbí ìṣesí rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, tàbí tí ẹ bá kàn fura, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí pápá, kó má sì padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní ara òun ti le. Kó sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, kó wá máa padà díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú, bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tún bá ẹnikẹ́ni du bọ́ọ̀lù. Bó bá ń bì léraléra, bí gìrì bá mú un, bí ọrùn bá ń ro ó, bí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ilé ìwòsàn ni o, lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kóòṣì kan á ní, "Dìde jàre, ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwọn ọmọbìnrin Norway wà lára àwọn tó kọ́ wa bí a ṣe ń dáàbò bo ẹsẹ̀. Àwọn baba wa sì ti wí i tipẹ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tiwa ni pápá yìí. Ogún ìṣẹ́jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òfin tó ń bo orí, àti ojú tó mọ àmì: kò sí èyí tó kọjá agbára ilé-ẹ̀kọ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Kétu àti ibòmíràn, ẹ kọ ọ́ sí mi bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ìmìtìtì ọpọlọ lọ nínú ẹ̀ka èdè yín. Màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.